Ṣé ọ́ìlì tó ki ló dáa jù fún ọkọ̀ yín? Ẹ ka ohun tó wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó dáhùn

Lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la fẹ́ẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ti ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa bèèrè pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ojú ìwé ilé àti ìlera lẹ ń kà yìí, ọkọ̀ tó ń wá oúnjẹ wọlé sì wà lára ilé. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú, owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti owó oògùn ló máa ń bá a lọ.

Abilékọ kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ̀wé sí mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ yáwó ní kóópù, wọ́n fi ra píkọ́ọ̀pù Toyota Tacoma tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 2.7, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Píkọ́ọ̀pù yìí ló ń kó ìyẹ̀fun wá láti ọjà, òun náà ló ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníbàárà wọn láàárọ̀. Lórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nínú ẹ́ńjìnnì, 0W-20 ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kọ síbẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò láti pààrọ̀ ọ́ìlì, mẹkáníìkì wọn gbé gálọ̀ọ̀nù 20W-50 jáde. Ó ní omi lásán ni 0W-20, àwọn òyìnbó tó ń gbé inú yìnyín ni wọ́n ṣe é fún, ọkọ̀ tó bá sì lò ó nínú oòrùn ilẹ̀ wa kò ní í pẹ́ nọ́ọ̀kì. Ọkọ obìnrin yìí kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹni tó ṣe nǹkan ló mọ ohun tó ń jẹ. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, búrẹ́dì wà nílẹ̀, ọkọ̀ ò lè jáde. Ó wá ní kí n bá òun dá a, ta ni kí òun gbọ́ tiẹ̀? Ó tún fi kún un pé mẹkáníìkì náà ti ń tọ́jú ọkọ̀ àwọn ọjọ́ ti pẹ́, kò sì fi irọ́ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn rí.

Kí n tó kọ ìdáhùn yìí, mo jókòó ti ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ ámbúláǹsì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ka ìwé nípa rẹ̀ fúnra mi. Èsì tí mo rí ni pé ọkọ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ mẹkáníìkì yín náà kò ṣì í tán pátápátá. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SAE, ọdún 1905 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ló ṣe òdiwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tí lẹ́tà W tẹ̀ lé, ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe máa ń ṣe nínú òtútù. Winter ni W yẹn dúró fún, ìyẹn ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Kì í ṣe ìwúwo, bí àwọn kan ṣe rò. Òtútù tí wọ́n sì ń sọ yìí kì í ṣe ti ọyẹ́ wa o. Ọ́ìlì 20W, inú òtútù tó tó ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo lórí òdiwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń dán an wò bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì lè yí nínú rẹ̀. Ti 0W, ìwọ̀n 35 nísàlẹ̀ òdo ni. Kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tí òtútù rẹ̀ ń dé ibi tí wọ́n ti ń dán 20W wò, ká má tíì wá sọ ti 0W. Nítorí náà, tó bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ yìí nìkan ni mẹkáníìkì ń sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nọ́ńbà kejì ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100, bí ìgbà tí omi bá ń hó, torí pé ibẹ̀ ni ọ́ìlì máa ń wà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní centistoke ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì 20 wà láàrin 6.9 sí 9.3. Ọgbọ̀n wà láàrin 9.3 sí 12.5, ogójì láàrin 12.5 sí 16.3, nígbà tí àádọ́ta bẹ̀rẹ̀ láti 16.3 títí dé 21.9. Ẹ ò rí i pé àádọ́ta ki ju ogún lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì, nígbà tí àwọn méjèèjì bá gbóná tán. Láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, ìyàtọ̀ yẹn tún máa ń pọ̀ sí i, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta.

Àwa tá à ń dáná mọ èyí dáadáa. Epo pupa tó wà nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, ẹ ó gbọ̀n ọ́n títí kó tó jáde. Ẹ gbé e sórí iná díẹ̀, ó ti ń ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ohun tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ń wá ni èyí tí yóò ki tó láti má jẹ́ kí irin máa ha irin, tí yóò sì tún ṣàn tó láti tètè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, àlàfo tó wà láàrin kíráǹkì àti béárìn tó gbé e dúró kéré gan-an, nínú ọ̀pọ̀ wọn kò tó ìnípọn irun orí ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀ ni irin máa ń jẹ irin jù, torí ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ lóru, ó gbọ́dọ̀ tún gòkè. Èyí tó ki bí ògì tí wọ́n fún lómi díẹ̀ kì í yára gòkè.

Píkọ́ọ̀pù yín tún ní ẹ̀rọ kan tí Toyota ń pè ní VVT-i. Agbára ọ́ìlì gan-an ló ń yí ẹ̀rọ yìí, òun ló sì ń sọ ìgbà tí àwọn fáàfù yóò tètè ṣí tàbí tí wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó ṣí. Ọ̀nà tóóró ni ọ́ìlì ń gbà débẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ki ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ náà á máa lọ́ra, iná ẹ́ńjìnnì lè tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á máa fà, á sì máa jẹ epo. Ọ̀rọ̀ jíjẹ epo yìí kì í ṣe nǹkan kékeré fún oníbúrẹ́dì, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023. Ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́ìlì tó ki ń fi kún epo tí ọkọ̀ ń jó lóòótọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ lẹ óò máa san án.

Àwọn mẹkáníìkì kan á ní kẹ́ ẹ wo gééjì, pé látìgbà tí òun ti da 20W-50 sí i, agbára ọ́ìlì ti lọ sókè. Òótọ́ ni, ó máa ń lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwa nọ́ọ̀sì léèrè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ṣé a máa ń kí i pé ó kú oríire, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lágbára? Nígbà mìíràn, ohun tó jẹ́ kó ga ni pé ọ̀nà tó ń gbà kọjá ti há. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Póòǹpù ń ti ọ́ìlì tó ki, ọ́ìlì ń ti póòǹpù padà, gééjì gòkè, èyí tó ń dé ibi tó jìnnà jù sì ń dín kù. Mi ò sọ pé kí gééjì wálẹ̀ o. Èyí tó lọ sílẹ̀ jù léwu ju èyí tó ga lọ, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti oòrùn. Mẹkáníìkì ní àwọn tó ń gbé inú yìnyín ni wọ́n ṣe 0W-20 fún. Irú Tacoma kan náà, pẹ̀lú ohun kan náà tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀, ni wọ́n ń wà nílùú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Ní 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀ léra wọn tí oòrùn ìlú náà kọjá ìwọ̀n 43 lórí Celsius lójoojúmọ́, láti ìparí oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù keje. Oòrùn Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kì í dé bẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní tẹmosítáàtì, òun ló ń ṣọ́ omi rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù tàbí tutù jù. Ìgbóná tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ ní Ìkìrun, tí gbogbo nǹkan bá wà ní ipò wọn.

Mo ní tí gbogbo nǹkan bá wà ní ipò wọn, torí mo mọ ohun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí tòkunbọ̀ bá ti dé báyìí, àwọn mẹkáníìkì kan á yọ tẹmosítáàtì yẹn sọnù, wọ́n á ní ti ilẹ̀ olótùútù ni. Ẹ́ńjìnnì wá ń tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì inú rẹ̀ ò sì gbóná tó láti ṣàn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá wá da àádọ́ta sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ ti fi kún ìṣòro rẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá tẹmosítáàtì ọkọ̀ yín ṣì wà níbẹ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àṣà yẹn sílẹ̀. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́ nílùú Èkó. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn, bíi ti 504, fẹ́ ọ́ìlì tó ki, ó sì ṣe é lóore. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lórí 504 ni àwọn tó ń tún Tacoma ṣe lónìí ti kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ ti yí padà, àṣà ò tíì yí.

Èkejì ni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní ìdí tiwọn. Láti 1975 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ dín epo tí ọkọ̀ wọn ń jó kù. Ọ́ìlì tó ṣàn máa ń dín in kù díẹ̀, èyí tó jẹ́ díẹ̀ lórí ọkọ̀ kan sì pọ̀ tí wọ́n bá fi ìlọ́po mílíọ̀nù sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ́ìlì ẹyọ kan péré ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì 2.7 tó wà nínú Tacoma yín yìí, irú rẹ̀ wà nínú Hilux tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ìwé Hilux ti àwọn ilẹ̀ olóoru sì gba ọ́ìlì ju ẹyọ kan lọ, pẹ̀lú àwòrán tó ń sọ èyí tó bá ìgbóná ibi tẹ́ ẹ wà mu. Kódà, nínú ìwé Toyota tó ń ní kẹ́ ẹ lo 0W-20, wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ́ìlì tí nọ́ńbà kejì rẹ̀ ga ju ìyẹn lọ lè bá ọkọ̀ tó ń sáré púpọ̀ tàbí tó ń ru ẹrù tó wúwo gan-an mu jù. Àwọn tó ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́. Píkọ́ọ̀pù tó ń kó ìyẹ̀fun ká, ẹ ò lè sọ pé ẹrù rẹ̀ fúyẹ́.

Èyí tún rán mi létí ìròyìn kan tí àwọn tó ní ẹbí ní Houston tàbí Atlanta á ti gbọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ General Motors pe ọkọ̀ bí 600,000 padà ní Amẹ́ríkà nìkan. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet Silverado 1500 àti GMC Sierra 1500 wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn jíìpù ńláńlá bíi Tahoe, Yukon àti Escalade, ti ọdún 2021 sí 2024, àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì V8 oní 6.2. Kọ́nrọ́ọ̀dù àti kíráǹkì inú wọn ló ní àléébù látibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n, ẹ́ńjìnnì sì lè kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lórí eré. Ọ́ìlì 0W-20 ni wọ́n kọ sí i tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí àrùn yìí wà lára rẹ̀, wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá yege, 0W-40 ni wọ́n á dà sí i, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á fi ìdérí tuntun dípò ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi ewé tuntun kún ìwé ọkọ̀ náà.

Ìròyìn yìí dé etí àwọn mẹkáníìkì wa, àwọn kan sì ti ń fi yangàn pé ṣebí àwọn ti sọ ọ́. Rárá o. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló yẹ ẹ́ńjìnnì kan pàtó wò, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì pààrọ̀ ìdérí tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Ẹ́ńjìnnì 5.3 tó wà nínú irú píkọ́ọ̀pù kan náà kò sí nínú ìpè yẹn. Bí dókítà bá fi kún oògùn aláìsàn kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹ ò ní í rí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ tí yóò fi kún ti gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ṣásí rẹ̀, èyí tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kẹ́ ẹ fi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ NHTSA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ fún yín bóyá iṣẹ́ kan wà tí wọn ò tíì ṣe lára rẹ̀.

Mo ní mo ń bọ̀ lórí ọ́ìlì tó ṣàn jù. Òun náà ń pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yára pa á ju èyí tó ki lọ. Tí wọ́n bá kọ 15W-40 sórí ẹ́ńjìnnì lọ́rì tó ń jẹ dísù, tí ẹnì kan wá da 0W-20 sí i torí ó gbọ́ pé òun lòde ń lò, ọ́ìlì yẹn ò ní í lè gbé irin kúrò lára irin nígbà tí lọ́rì bá ru ẹrù dé orí òkè. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tó ń jẹ dísù, ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lára gálọ̀ọ̀nù. S ni ti ọkọ̀ bẹntiróòlù, C ni ti dísù. Láti ìparí 2016 ni èyí tí wọ́n ń pè ní FA-4 ti wà lójà, àwọn lọ́rì tuntun kan ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ṣàn ju CK-4 lọ. Kì í ṣe ti àwọn lọ́rì àtijọ́ wa.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń fi ọ́ìlì tó ki bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ríǹgì rẹ̀ ti jẹ, tó ń yọ èéfín aláwọ̀ búlúù, tó ń mu ọ́ìlì bí ẹní mu omi, wọ́n á da àádọ́ta sí i, wọ́n á tún fi oògùn inú agolo kún un. Èéfín á rọlẹ̀, ariwo á rọlẹ̀, oníbàárà á sanwó. Panadol ni wọ́n fún aláìsàn tí ibà ń ṣe kó lè dìde jókòó nígbà tí àwọn àlejò bá wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó tutù. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣíná, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn kó máa wo èéfín. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í lè parọ́ púpọ̀. Mi ò sọ pé ẹ́ńjìnnì arúgbó tó ń mu ọ́ìlì ò lè lo èyí tó ki díẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú owó àtúnṣe o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé aláìsàn lẹ ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára gálọ̀ọ̀nù kọ́ ló máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà lórílẹ̀-èdè wa kò sì yéé pariwo rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n látinú dúróòmù ní ẹ̀gbẹ́ títì, kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe ki tó. Èmi ò ní í rà á fún jẹnẹrétọ̀ pàápàá. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ yín ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ wo ìdè ẹnu rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti já a, tẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fi nǹkan lu gálọ̀ọ̀nù náà kó má baà padà sọ́jà.

Ó wá ku èsì yín, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì wa. Tẹ́ ẹ bá rí 0W-20 tó jẹ́ ojúlówó, òun ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ìwé Toyota gbà yín láyè láti lo 5W-20, kẹ́ ẹ padà sí 0W-20 nígbà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí ẹrù ìyẹ̀fun, tí mẹkáníìkì yín bá ní ọkàn òun ò balẹ̀, ẹ bá a pàdé lórí 5W-30. Ìgbésẹ̀ kan lẹ gòkè yẹn, kò burú fún iṣẹ́ tí ọkọ̀ yín ń ṣe. Láti ogún lọ sí àádọ́ta, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, mi ò fara mọ́ ọn fún ẹ́ńjìnnì tí kò tíì ní àìsàn kankan. Tó bá ti da 20W-50 náà sí i kí ìwé ìròyìn yìí tó dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe pariwo, ẹ́ńjìnnì ò ní í kú lọ́sẹ̀ yìí. Kí ọmọ tó ń wà á má kàn máa tẹ iná mọ́ ọn láàárọ̀ kó tó gbóná, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Pẹ̀lú iṣẹ́ tí píkọ́ọ̀pù yẹn ń ṣe, èmi á ní kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kẹ́ ẹ sì máa yọ ọ̀pá gééjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣíná, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì gbẹ nínú rẹ̀ kì í bèèrè nọ́ńbà. Tó bá lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn, tí kò sì sí irú rẹ̀ ní tòsí, ẹ bù èyí tẹ́ ẹ bá rí kún un kẹ́ ẹ fi délé, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa sáré lọ láìsí lọ.

Ẹ fi sùúrù bá mẹkáníìkì sọ ọ́ o. Ẹ má lọ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kan ní kó padà lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ní kó bá yín ka ìdérí yẹn sókè. Mẹkáníìkì tí kò fi irọ́ gbowó lọ́wọ́ yín rí, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí gálọ̀ọ̀nù ọ́ìlì kan.

Kí n tó gbé bírò sílẹ̀, ọ́ìlì dúdú tẹ́ ẹ bá sì fà jáde ńkọ́? Èyí ni iṣẹ́ mi gan-an. Ẹ má fi pa làpálàpá lórí ọmọ, ẹ má fi sójú egbò, bó ti wù kí àwọn àgbà àdúgbò yìn ín tó. Àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara wà nínú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti jó, ó sì ń wọ inú ara. Àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń fi ọwọ́ òfìfo kó o lójoojúmọ́, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọ ọwọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kẹ́ ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ìgò ni ọmọdé máa mọ̀, kò ní í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ti mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, torí ibi tó bá ti ń bì ni ọ́ìlì ti lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó bá ta sí lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, kẹ́ ẹ sì mú ìgò náà dání kí wọ́n lè rí ohun tó mu.